Àmì Kan Láàárín Gbólóhùn Méjì

Àwọn apẹja méjì ló rí òkú Tíṣà Leah ní àárọ̀ Ọjọ́rú, níbi tí omi gbé e há sí láàárín òṣíbàtà, kò jìnnà sí èbúté Ìwòpin. Ó ti lo odidi ọjọ́ kan nínú ọ̀sà. Fóònù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nínú ọ̀rá tí àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi máa ń dì í sí kí omi má bàa kàn án. Sájẹ́ǹtì Ìdrís nù ún, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ó sì tàn. Ìkéde kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀:

Omi rọ̀ láàárọ̀ yìí.\nẸ lè jáde.

Inspẹ́kítọ̀ Ìbíkẹ́ Ọláníyọnu gba fóònù náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ Òkè-Sọ̀pẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ó ti rí ọ̀bẹ, ó ti rí májèlé, ó ti rí ìwé ayédèrú. Kò tíì rí gbólóhùn méjì tó pa èèyàn rí.

"Kí ni èyí tó wà láàárín wọn?" ó bi Ìdrís. "Ìlà kan tó dà sẹ́yìn, pẹ̀lú lẹ́tà n."

"Mi ò mọ̀, mà. Wòlíì kan lẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn ní ejò ni."

Ìbíkẹ́ mí kanlẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ gbọ́ láàárọ̀ yẹn gan-an nìyẹn.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Ìwòpin ní áàpù kan lórí fóònù wọn, Etí Omi ni orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Muslimah yóò gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn apẹja tó ń ti àárín ọ̀sà bọ̀, yóò sì kéde fún gbogbo èèyàn bóyá omi le tàbí ó rọ̀. Láti ọdún kan àti oṣù méjì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkéde yẹn jáde ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Simeon ọlọ́kọ̀ kó èrò mẹ́fà, ó forí lé abúlé tó wà ní òdìkejì. Ìjì gbá wọn ní àárín ọ̀nà. Wọ́n yọ èèyàn mẹ́fà, Simeon náà wà lára wọn. Leah nìkan ni kò jáde. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi kò kárí wọn, ó sì ti bọ́ tirẹ̀ fún aboyún kan tó jókòó tì í.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọlọ́pàá ti lọ mú Olúwagbémiga Zechariah ní Àgọ́-Ìwòyè. Òun ló ṣe áàpù náà.

Ẹni tó kọ́kọ́ bá Ìbíkẹ́ sọ̀rọ̀ ní èbúté ni Bàbá Láńre Ọlátúbọ̀sún, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, aṣọ rẹ̀ funfun, ìkọ̀wé rẹ̀ dára bí ìwé títẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èmi ni mo kọ́ Leah ní á bí dí," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn. Inspẹ́kítọ̀, kí lẹ tún ń wádìí? Ẹ ò rí àmì yẹn ni? Èdè kọ̀mpútà ni. Ta ló mọ̀ pé òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì, bí kò ṣe ọmọ tó ṣe áàpù náà?"

"Kí ni ọmọ náà fẹ́ rí gbà nínú ikú olùkọ́ kan, Bàbá?"

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n ń fi nǹkan ṣeré ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá mi fi ojú lásán ka omi yìí fún ogójì ọdún. Kò sí ẹni tó kú."

Ìbíkẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni láti kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, láì yọ ọ̀kan kúrò.

Simeon jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ yanrìn.

"Létí èbúté, omi dákẹ́ bí èyí tó wà nínú abọ́. Mo wo fóònù mi, ó ní ká lọ. Nígbà tí a dé àárín, mo rí i pé ìgbì ń bọ̀. Mo ní kí n padà. Bí mo ṣe yí orí ọkọ̀ báyìí, ìgbì gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì dojú dé. Ká ní mo kọjú sí i tààrà, bóyá à bá là á kọjá."

"Ìwọ kọ́ lo fà á."

"Gbogbo ayé ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mà. Kò ràn mí lọ́wọ́."

Muslimah ní tirẹ̀ dìde fìrì nígbà tí Ìbíkẹ́ wọ inú ọ́fíìsì kékeré tí ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. "Wallahi, mà, 'Omi le' ni mo kọ ní aago mẹ́fà! Mo ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹ wò ó, ó ṣì wà nínú àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ bá àwọn apẹja tó kù ní ìsàlẹ̀ èbúté, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú péré, ẹnì kan kọ òmíràn lé e. Ìkéde tó jáde kẹ́yìn nìkan ni áàpù máa ń gbé síta."

"Ta ló ní páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń kéde?"

Muslimah nawọ́ sí ògiri. Wọ́n ti kọ páswọ́ọ̀dù náà gàdàgbà sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá gba omi mu ló lè kà á.

"Ta ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Mo máa ń gbàgbé rẹ̀."

Ọ̀nà Ìwòpin sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti Gbémiga mọ́, jìn, kòtò rẹ̀ sì pọ̀ débi pé Ìdrís ń bú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dé, DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, ti pe Ìbíkẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń halẹ̀ pé àwọn yóò dáná sun ọ́fíìsì Gbémiga. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ẹjọ́ ní Ọjọ́ Ajé.

"Ọ̀gá, mo ti kọ̀wé sí oríléeṣẹ́ wa ní Abẹ́òkúta kí wọ́n fún wa ní ẹni tó mọ kọ̀mpútà."

"Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

"Rárá."

"Kí la wá ń dúró dè? Àmì kọ̀mpútà wà nínú ìkéde, oníkọ̀mpútà sì wà ní àtìmọ́lé."

Kí á má purọ́, ohun tí Ìbíkẹ́ náà rò nìyẹn. Pẹ̀lú èrò yẹn ló fi lọ bá Gbémiga ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọmọkùnrin náà kò ju ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ti wí àwíjàre títí ó fi sú u. Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri.

"Gbémiga, ìwọ lo kọ ìkéde yìí."

"Èmi kọ́, mà."

"Àmì iṣẹ́ rẹ ló wà nínú rẹ̀."

Ló bá yí padà. Ẹ̀rín tó rín kò dùn ún gbọ́. "Àmì yẹn gan-an ló yẹ kó dá mi sílẹ̀! Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ fún ẹni tó mú mi, ó ní kí n pa ẹnu mọ́. Mo sọ fún DPO, ó ní gírámà ni mò ń fọ̀. Ẹ fún mi ní bírò, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìbíkẹ́ fún un ní bírò tirẹ̀, ó ṣí ojúewé òfìfo nínú ìwé rẹ̀.

"Áàpù ní ikùn," Gbémiga ní. "Inú ikùn yẹn ni mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà sí, bíi 'Ẹ wọ ẹ̀wù yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀'. Fóònù àwọn bàbá wọ̀nyẹn kéré, ojú rẹ̀ sì máa ń gé gbólóhùn tó bá gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú ikùn náà ni ọ̀rọ̀ ìkéde wà, 'Omi le, ẹ má' ni Simeon rí, ìyókù ti wọ inú òkùnkùn lọ. Mo fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bá ọ̀rọ̀ yẹn jìjàkadì. Ó yẹ kí 'Ẹ má jáde' dá dúró lórí ìlà tirẹ̀ kí afọ́jú pàápàá rí i. Ṣùgbọ́n nínú ikùn áàpù, èèyàn ò lè tẹ ẹ́ńtà kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo iṣẹ́ á dà rú. Àmì yìí la máa ń kọ dípò rẹ̀." Ó ya ìlà tó dà sẹ́yìn, ó kọ n tẹ̀ lé e. "Bí áàpù bá ṣí, á gbé àmì yìí mì, á sì fi ìlà tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó kò ní rí i láé."

"Àwọn ará Ìwòpin rí i."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn! Ojúewé tí wọ́n ti ń kéde kì í ṣe ikùn áàpù. Àpótí lásán ni. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ ló ń jáde, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Èmi tí mo ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ìlà kejì níbẹ̀, ẹ́ńtà ni màá tẹ̀, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀. Ẹni tó kọ àmì yẹn síbẹ̀ rò pé idán kan náà ló ń ṣiṣẹ́ ní ibi gbogbo."

Ìbíkẹ́ ronú kan àwọn ìkéde Muslimah tó rí nínú àkọsílẹ̀. Ó ju irinwó lọ. Gbogbo wọn ní ìlà méjì, kò sì sí àmì náà nínú ẹyọ kan.

"Ta ló tún mọ àmì yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni mò ń ṣe iṣẹ́ náà."

Ìbíkẹ́ gbé e sínú mọ́tò, wọ́n gba ìlú Òrù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ni ọ́fíìsì Gbémiga, nítòsí ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Iná kò sí. Wọ́n fi odidi wákàtí kan tú àpótí àti dúrọ́ọ̀ kiri nínú ooru, Ìdrís ń làágùn, kò sì sí ohun tó jọ ẹ̀rí. Ìbíkẹ́ ti fẹ́ ní kí wọ́n máa lọ nígbà tó fa fáìlì aláwọ̀ ewé kan yọ lábẹ́ tábìlì.

Bébà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ikùn áàpù náà ni wọ́n tẹ̀ sórí wọn, àmì náà sì wà níbi gbogbo tí ìlà ti yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan ti fi bírò pupa tún un ṣe. Ó fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní, ó ya ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra sọ́tọ̀. Ìkọ̀wé náà mọ́ tónítóní. Ní ojúewé keje, gbólóhùn kan gùn jù lójú rẹ̀. Ó ti fi bírò pupa kọ \n sí àárín rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojúewé kẹsàn-án, lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló ni ìkọ̀wé yìí?"

Gbémiga wò ó. "Bàbá Akọ̀wé ni. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wo Yorùbá rẹ̀, wọ́n mọ àmì ohùn jù mí lọ. Wọ́n bi mí léèrè kí ni ìlà àti n yìí. Mo ní òun ló ń fọ́ ìlà sí méjì, kí wọ́n jọ̀ọ́ má pa á rẹ́..." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà. "Mà, wọ́n wá síbí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ra mọ́ínmọ́ín fún wọn."

Ìbíkẹ́ ṣí ìwé rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ Ọjọ́rú, ó kà á. *Ta ló mọ̀ pé òun ló ń sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì.* Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ti gbé e kiri fún odidi ọjọ́ kan.

Ní ọ̀sán Ẹtì, lẹ́yìn tí Muslimah ti dé láti ìrun Jímọ̀, wọ́n péjọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní Ìwòpin. Simeon dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rí Gbémiga láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà níta bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Ìdrís sì lọ dúró sí iwájú wọn.

"Bàbá Akọ̀wé," Ìbíkẹ́ ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti kéde lórí áàpù yìí rí?"

"Èmi? Àgbà bíi tèmi? Mi ò mọ ojúewé náà, mi ò ṣí i rí."

"Kò tilẹ̀ wọ orí fóònù yín rí?"

"Láéláé."

"Ẹ yá mi ní fóònù yín."

Ó fún un láì ṣiyèméjì. Ó ti pa gbogbo ohun tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa rẹ́. Ìbíkẹ́ gbé e síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré lára àdírẹ́ẹ̀sì ojúewé ìkéde náà. Fóònù náà fúnra rẹ̀ parí ìyókù. Ojúewé náà ṣí, kò sì béèrè páswọ́ọ̀dù. Àpótí ìkéde hàn gbangba, òfìfo ni, ó ń dúró de ọ̀rọ̀.

"Fóònù tí kò wọ ilé kan rí," Ìbíkẹ́ ní, "kì í mọ ọ̀nà yàrá ibẹ̀."

Ó kó bébà mọ́kànlá náà sórí tábìlì, ó sì ṣàlàyé fún wọn. "Gbogbo wa ló rí àmì náà, a sì ní oníkọ̀mpútà ló kọ ọ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkọ̀mpútà mọ̀ pé àmì náà kò wúlò nínú àpótí yìí. Muslimah kò mọ̀ ọ́n rárá, ẹ́ńtà ló máa ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó lè kọ ọ́ síbẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ní ààbọ̀: ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe fún, tí wọn kò sì sọ ibi tó ti ń ṣe é. Ẹni bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, bírò pupa rẹ̀ nìyí. Tíṣà ni, kò lè fi gbólóhùn méjì sílẹ̀ lórí ìlà kan. Ní Ọjọ́rú, òun fúnra rẹ̀ ló sọ iṣẹ́ tí àmì náà ń ṣe fún mi, nígbà tí àwọn mìíràn ní Ìwòpin ń pè é ní ejò."

Bàbá Akọ̀wé wo bébà náà. Ó na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe níbẹ̀, ó sì fà á padà.

"Ogún ọdún ni mo fi ka omi yìí lẹ́yìn bàbá mi," ó ní. "Kò sí ọlọ́kọ̀ tó máa jáde láì wá kan ilẹ̀kùn mi. Láti ìgbà tí nǹkan yìí ti dé, kò sí ẹni tó kan án mọ́. Ọmọbìnrin tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo wo ojú ọ̀run, mo mọ̀ pé omi máa le. Mo mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ní kí wọ́n lọ," Ìbíkẹ́ ní.

"Mo rò pé bí ìgbì bá kọ́kọ́ lù wọ́n, wọ́n á padà! Wọ́n á padà wálé, wọ́n á bú áàpù náà, wọ́n á sì wá bi mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pípadà lásán ni mo fẹ́ kí wọ́n padà."

Simeon ti ẹnu ọ̀nà bọ́ síwájú. Kò pariwo. "A padà, Bàbá," ó ní. "Bí mo ṣe ń yí ọkọ̀ padà lọ́wọ́ ló dojú dé."

Nígbà tí Ìdrís di Bàbá Akọ̀wé lápá mú, ó ń pe orúkọ Leah lábẹ́lẹ̀, bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì tí kò dáhùn.

Ìbíkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Gbémiga padà sí Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ọmọkùnrin náà ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

"Má bínú," Ìbíkẹ́ ní.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá ka orúkọ mi lórí rédíò ní Ọjọ́rú, mà. Orúkọ àti orúkọ bàbá. Màámi gbọ́ ọ nílé wa ní Ìlápòrú, wọ́n ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Ta ló máa padà lọ sórí rédíò?"

"DPO á kọ̀wé sí wọn."

Gbémiga wò ó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gòkè lọ láì dágbére.

Ní Ọjọ́ Ajé, DPO ní ọwọ́ òun dí. Ìbíkẹ́ wọ mọ́tò lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò náà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní kó lọ kó padà wá lọ́la. Ó jókòó. Wọ́n ní ètò ti kún. Ó ní òun á dúró. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán kọjá, ó sú wọn, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀. Ó sọ pé Olúwagbémiga Zechariah, ọmọ Ìlápòrú, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ nínú ikú Leah, pé ọlọ́pàá ló ṣì í mú, àti pé òun wà lára àwọn ọlọ́pàá náà. Wọ́n juwọ́ sí i pé àkókò ti tó. Ó tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó bá ń gbọ́ ní Ìlápòrú lè gbọ́ ọ yé.